Ilé Tó Rẹlẹ̀ Jù Ní Àdúgbò

Kí ènìyàn tó wọ ilé wa, ó ní láti kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ilé àwọn aládùúgbò wa, àtẹ̀gùn ni wọ́n ń gùn wọ̀ ọ́. Tiwa, àtẹ̀gùn la fi ń lọ sísàlẹ̀. Àlejò tí kò bá mọ̀, tó ń tẹ fóònù bọ̀ lójú ọ̀nà, á ṣubú sí àgbàlá wa ni, àwa á sì wá máa kí i kú ewu. Abobo ni ilé náà wà, ní Abidjan, nínú àfonífojì kan tí kò jìnnà sí Abobo Gare, òkè lápá ọ̀tún, òkè lápá òsì. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ibẹ̀ náà ni mo padà sí nígbà tí ọkọ mi gbé ìyàwó mìíràn wọlé, tí mo ní kó kú oríire, tí mo sì ká ẹrù mi. Mi ò bímọ. Bàbá mi ti kú. Èmi àti ìyá mi nìkan la kù nínú ilé náà, à ń jà láàárọ̀, à ń rẹ́ nírọ̀lẹ́.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ burú láti ìbẹ̀rẹ̀ o. Nígbà tí bàbá mi kọ́ ilé náà, ìpele kan náà ni gbogbo àdúgbò wà. Àmọ́ bí òjò ṣe ń le sí i, olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ sí í da yẹ̀pẹ̀ pupa sí ilẹ̀ ilé rẹ̀, wọ́n ń fi búlọ́ọ̀kù gbé ẹnu ọ̀nà wọn sókè, tó bá tún yá wọ́n á tún un gbé. Ojú títì náà ń ga sí i. Bàbá mi nìkan ni kò bu yẹ̀pẹ̀ kankan sí tirẹ̀. Tí ìyá mi bá sọ ọ́, á ní, "Ojú ọ̀nà la wà. Ta ló ń dá oko sí ẹ̀bá títì?" Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Kì í ṣe pé kò rọ́wọ́ ṣe é. Páìpù àti ẹnu ẹ̀rọ omi ló ń tà ní ọjà Adjamé, ọjà náà sì ń tà fún un dáadáa. Ilé rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni gbogbo agbára rẹ̀ ń lọ. Páánù, irin, táìlì, ilẹ̀kùn, gbogbo rẹ̀ ló fi ọkọ̀ kó láti ibí, tó gba Gánà, Tógò àti Benin kọjá. Ó kọ́ ilé náà sórí àpáta, ó gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ ga débi pé omi ò lè dé fèrèsé rẹ̀ láé, àfi tí ìkún omi ayé Ànábì Núhù bá tún padà wá. Ilé tí omi ò lè wọ̀, kò sẹ́ni tó ń gbé e ju ọmọ àbúrò bàbá mi kan àti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ń bá wa ṣọ́ ọ. Ilé tí à ń gbé, omi ń wọ̀ ọ́ bó ṣe wù ú. Bí ọ̀pọ̀ àwa Ànàgó ṣe ṣe é nìyẹn, torí Ànàgó ni wọ́n ń pè wá níbí, àti ará Ògbómọ̀ṣọ́, àti ará Ọ̀yọ́, àti ẹni tí wọ́n bí ní Treichville nínú Abidjan níbí tí kò tíì tẹ ilẹ̀ Nàìjíríà rí. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. A gba òwe yìí gbọ́ débi pé a ò tún ibi tí à ń sùn ṣe. Ojú ọ̀nà yẹn náà ni bàbá mi kú sí, ibojì àwọn Mùsùlùmí ní Abidjan níbí la sì sin ín sí.

Òjò náà kì í wá ṣe òjò àtijọ́ mọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, òjò oṣù kẹfà máa ń rọ̀ wẹliwẹli, lónìí, lọ́la, aṣọ ò ní gbẹ, gbogbo yàrá á máa rùn bíi olú. Ní báyìí, ojú ọjọ́ á kàn ṣú, omi tó yẹ kó fi ọ̀sẹ̀ kan rọ̀ á sì já bọ́ láàárọ̀ kan ṣoṣo. Orí òkè méjèèjì, igbó àti oko ẹ̀gẹ́ ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ilé ló kún ibẹ̀ báyìí, àti títì ọlọ́dà, àti àgbàlá tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ pa. Ilẹ̀ tó ń bá wa mu omi, wọ́n ti dí i lẹ́nu. Gọ́tà tí wọ́n gbẹ́ nígbà tí èèyàn ò tíì pọ̀, ó ti kéré jù, ọ̀rá àti ike sì ti dí èyí tó kù. Níbo ni kí omi wá gbà? Ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀.

Ilé wa ló máa ń kọ́kọ́ kún. Tí omi bá ti dé orí àtẹ̀gùn wa, àwọn ọmọ àdúgbò á figbe ta, "Omi ti dé ilé Ànàgó o!" Gbogbo ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù. Láti ọ̀dọ̀ wa, omi á kọjá sí ọ̀dọ̀ ìyá oní-àtíẹ̀kẹ́ tí ilé rẹ̀ dojú kọ tiwa, ibẹ̀ ni á gbà lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ìyá oní-àtíẹ̀kẹ́ yìí, ọmọ ilẹ̀ ibí ni. Ẹ̀gẹ́ ló ń rin, tó ń sè di àtíẹ̀kẹ́, tó ń tà, òun àti ìyá mi sì ti ń wo ojú ara wọn láti ìgbà tí mo ṣì ń lọ sílé ìwé. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ló máa ń gbé ìyá mi jáde lórí àga bí ẹni gbé ọba, òun náà á máa bú wọn ní Yorùbá pé tí wọ́n bá da òun sómi, wọ́n á rí i. Wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Laviẹ́yì." Bí wọ́n ṣe ń pe àgbà obìnrin níbí nìyẹn, kì í ṣe èébú. A ó máa fi korobá gbọ́n omi, a ó máa pariwo lé ara wa lórí. Tí òjò bá dá, a ó sá bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á din ẹja, a ó sì jẹ àtíẹ̀kẹ́ nínú abọ́ kan náà, ẹsẹ̀ wa ṣì ń rùn fún ẹrẹ̀. Mi ò sọ pé omi dára o. Ó ti gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ ní àdúgbò kejì sí wa. Gbogbo ọdún la ń bẹ ìjọba pé kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i.

Wọ́n wá ṣe é. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó dé akoto funfun wá kan ilẹ̀kùn wa. Ẹnjiníà ni, ó gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan dání tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àtẹ̀gùn wa, mo dì í mú. Ó jókòó, ó mu omi, ó kí ìyá mi dáadáa, ó wá sọ pé àwọn fẹ́ gbẹ́ kòtò ńlá kan sí àfonífojì náà. Tí òjò bá dé, inú kòtò yẹn ni omi á dúró sí, páìpù ńlá kan á sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sínú ọ̀sà. Omi ò tún ní wọ ilé ẹnikẹ́ni ní gbogbo àdúgbò. Mo ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Níbo lẹ fẹ́ gbẹ́ ẹ sí?" Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ibí yìí ni, Tantí."

Ẹnu mi ò dáa, mo mọ̀. Mo ní, "Nínú gbogbo Abobo, ilé Ànàgó lẹ rí. Ẹ wò ó, ṣé nítorí pé a kì í ṣe ọmọ ibí ni?" Ọmọbìnrin náà ò bínú. Ó ní kì í ṣe òun ló yan ibẹ̀, omi ló yàn án. Ó ní ẹ̀rọ òun ti wọn gbogbo ilẹ̀ tó wà láàárín òkè méjèèjì, kò sì síbi tó rẹlẹ̀ tó ibi tí òun jókòó sí yìí. Ó ní òun ò mọ ìdí tí ilé kan ṣoṣo fi wà nísàlẹ̀ báyìí láàárín àwọn yòókù, bí ẹni pé wọ́n gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Èmi mọ ìdí. Èmi tí mò ń ta páìpù ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi láti ìgbà tó ti kú, mo sì mọ̀ pé omi kì í gbọ́ ẹjọ́, ibi tó bá rẹlẹ̀ ló ń lọ. Bàbá mi kò fẹ́ di onílé ní Abidjan, omi wá sọ ilé rẹ̀ di tirẹ̀. Òótọ́ ni ọmọ yẹn ń sọ, ìyẹn gan-an ló sì ń bí mi nínú.

Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà ní gbogbo àsìkò tá a fi ń sọ̀rọ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ mi kí ni wọ́n ń wí, torí pé Faransé rẹ̀ kò ju ti ọjà lọ. Mo sọ fún un. Ó gbé àtẹ náà sílẹ̀, ó ní, "Àlùhámúdùlílááhì. Ó ti tó àkókò láti lọ sílé nìyẹn."

Mo rò pé ẹnu lásán ni. Láti ìgbà tí mo ti dáyé ni wọ́n ti ń lọ sílé, wọn ò sì lọ. Mo jáde lọ wá ilé. Mo rí yàrá méjì ní Riviera, ní apá ibòmíràn nínú Abidjan, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, omi ò sì lè dé ibẹ̀. Ìjọba máa san owó ilé wa fún wa, wọn ò rẹ́ wa jẹ. Mo ti ń ro ibi tí màá gbé ibùsùn ìyá mi sí, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kó lè máa wo ìsàlẹ̀. Mo padà wálé, mo ròyìn gbogbo rẹ̀, mo tún ṣe àsọdùn díẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ilé náà dára. Ìwọ máa gbé e. Èmi ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́."

A jà. Ìjà tá a jà yẹn, mi ò lè ka gbogbo rẹ̀ tán. Mo ní ta ló mọ̀ níbẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kú. Ó ní kí n fi ikú ẹgbẹ́ òun sílẹ̀. Mo ní ta ni yóò máa wẹ ẹ̀yìn fún un. Ó ní ìyàwó ọmọ àbúrò bàbá mi lọ́wọ́. Mo ní nígbà tí ojú ń ro ó, ta ló gbé e lọ sí ọsibítù? Ó ní, "Ìwọ ni. O ṣeun. Ọlọ́run á san án fún ọ." Ẹ ò rí i pé ẹni tó ń dúpẹ́ báyìí ti di ẹrù rẹ̀ tán. Ó wá ní kí n jẹ́ ká jọ lọ. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Ó ní, "Ṣọ́ọ̀bù kì í sin òkú." Èmi náà ò gbà, mo ní, "Màámi, èmi ò tíì kú." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò yí ọ̀rọ̀ padà.

Mi ò lè bá a lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Tí mo bá dé Ògbómọ̀ṣọ́, tí mo la ẹnu, àwọn ọmọdé á máa rẹ́rìn-ín. Faransé ni mo fi ń ka nǹkan, orí mi kì í tètè yí i padà sí Yorùbá. Tí mo bá ń bínú, èdè Jùlá ló ń jáde lẹ́nu mi bíi ti àwọn oníṣòwò Adjamé. Wọ́n ń pè mí ní àlejò níbẹ̀, wọ́n ń pè mí ní Ànàgó níbí, mo sì ti yàn pé kí n kúkú jẹ́ Ànàgó. Àmọ́ ìyá mi, èdè tó mú ti ìlú rẹ̀ wá síbí, odindi ló ń mú un padà lọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ò ju ẹyọ kan lọ: tí obìnrin yìí bá lọ, kò sẹ́ni tó kù fún mi nílùú yìí tí màá jí lówùúrọ̀ tí màá kúnlẹ̀ kí.

Mo lọ bá ẹnjiníà náà níbi tí wọ́n pàgọ́ sí. Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mo bi í bóyá wọ́n lè sún kòtò náà díẹ̀, kí wọ́n fi ilé wa sílẹ̀, torí mo rò pé tí ilé bá ṣì wà, ìyá mi ò ní rí àwáwí láti lọ. Ó tẹ́ àwòrán sílẹ̀, ó fi ìka hàn mí. Tí wọ́n bá sún un sókè, ilé ìyá oní-àtíẹ̀kẹ́ àti gbogbo ojúlé tó tẹ̀ lé e ló máa lọ, omi á sì ṣì máa wá sílé wa, torí ó ṣì rẹlẹ̀. Ó ní, "Tantí, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ta ko ó, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún wa. A máa gbọ́ tiyín." Mo wo àwòrán yẹn pẹ́. Mo ní mi ò ní kọ nǹkan kan. Mo rìn lọ wọ ọkọ̀ gbàkà, mo bú awakọ̀ láìnídìí, ó bú mi padà, ara tù mí díẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ìrìnàjò ìyá mi, àdúgbò wá sí àgbàlá wa. Ẹ máa mọ̀ pé ní ilẹ̀ yìí, ènìyàn kì í kàn dìde kúrò nílé ẹni tó gbà á lálejò. Ó gbọ́dọ̀ tọrọ ọ̀nà. Onílé á wá ní, "Mo fún ọ ní ìlàjì ọ̀nà." Ìlàjì tó kù wà lọ́wọ́ òun, kí àlejò lè padà wá gbà á lọ́jọ́ mìíràn. Àwàdà ni, àmọ́ ẹni tó bá lọ láìtọrọ rẹ̀, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Ìyá mi mọ èyí bó ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó wọ búbà funfun, ó jókòó sórí àga tí wọ́n máa ń fi gbé e, ó ní òun tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Ìyá oní-àtíẹ̀kẹ́ dìde. Ó ti sunkún láàárọ̀, mo rí i lójú rẹ̀. Ó ní, "Laviẹ́yì, a gbọ́. A fún yín ní ìlàjì." Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ìyá mi gbé ọwọ́ sókè. Ó ní òun ò gbà. Ó ní gbogbo rẹ̀ ni òun fẹ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ṣi Faransé sọ ni. Ó wá yíjú sí mi, ó sọ ọ́ ní Yorùbá kí n bá òun túmọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Sọ fún wọn pé ẹni tó bá gba ìlàjì, ó ti ṣèlérí pé òun á padà. Kí wọ́n wo ẹsẹ̀ mi. Mi ò fẹ́ fi irọ́ kúrò láàárín àwọn tó ń gbé mi jáde nínú omi."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Mi ò rí i rí pé ẹnìkan tọrọ odindi ọ̀nà, àwọn náà ò rí i. Ìyá oní-àtíẹ̀kẹ́ dúró síbẹ̀, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́ tí kò ní nǹkan kan lára. Ó ní, "Ìlàjì ni èmi ní lọ́wọ́. Ìyókù kì í ṣe tèmi. Ti ọmọ yín ni." Gbogbo wọn wá kọjú sí mi.

Mo fẹ́ sọ pé mi ò fún un. Ẹ̀tọ́ mi ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lé mi lọ́wọ́ níwájú gbogbo ènìyàn. Ìyá mi ò bẹ̀ mí. Ó kàn ń wò mí bó ṣe máa ń wò mí tí mo bá ti ilé ìwé dé tí mo ṣe bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti wú, ó fà á jáde nínú bàtà. Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. Mo ní, "Màámi, mo fún yín lọ́nà. Gbogbo rẹ̀." Ó fi ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúrà gígùn, orúkọ bàbá mi wà níbẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Mi ò ṣe àmín tó bó ṣe yẹ, torí pé mò ń sunkún.

Ó lọ. Oníṣòwò kan ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń lọ sílé ló mú un dání. Mo sìn wọ́n dé ibùdókọ̀, mo fi ìrọ̀rí sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo bá awakọ̀ jà lórí ibi tó máa jókòó sí. Lẹ́yìn náà ni mo lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ tí wọ́n wó ilé wa, mi ò lọ wò ó. Ìyá oní-àtíẹ̀kẹ́ pè mí, ó ní kí n jẹ́ kí òun gbé fóònù sókè kí n lè rí i. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní Riviera tí mo kó lọ, ilé dára. Ilẹ̀kùn irin wà, ọ̀gbẹ́ni kan ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, "Madamu" ló ń pè mí. Mi ò mọ ẹni tó ń gbé lókè mi ju ìró bàtà rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan mo kí obìnrin kan lórí àtẹ̀gùn, mo béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀, ó wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ jí wọn gbé. Ọbẹ̀ tí mò ń sè ò yé pọ̀ jù. Ọwọ́ mi ò gbà láti wọn ti ẹnìkan ṣoṣo. Yorùbá wá di ohun tí mò ń sọ lórí fóònù nìkan, àti sí ìkòkò nígbà mìíràn. Tí ìkòkò bá jó, mo máa ń bú u bó ṣe yẹ.

Ìyá mi ńkọ́? Ara rẹ̀ le. Ẹ gbọ́ nǹkan. Ìyá tí mò ń bẹ̀rù pé ìlú á ṣe é bí àjèjì, láàárín oṣù díẹ̀ ó ti wọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń pè é ní Ìyá Abidjan, ó ń dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń din ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbí. Tó bá pè mí ní Wàsáàpù, èèyàn pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ ọmọ àbúrò bàbá mi ń du fóònù mọ́ ọn lọ́wọ́. Á ní, "Ṣé o ti jẹun?" kó tó gbọ́ ìdáhùn, wọ́n á ti pè é. Ẹ má dá mi lẹ́jọ́ o: mo fẹ́ kí ìyà jẹ ẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ìyá tó bí mi lọ́mọ! Mo fẹ́ kí ilé orí àpáta yẹn sú u, kó ní kí n wá gbé òun. Mo ti to yàrá kejì sílẹ̀ dè é. Kò sú u.

Wọ́n gbẹ́ kòtò náà tán, oṣù kẹfà ọdún tó tẹ̀ lé e sì dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ojú ọjọ́ ṣú láti apá Vridi létí òkun, afẹ́fẹ́ dúró. Mo wà lójú fèrèsé, ẹ̀rù kan náà tó máa ń bà mí láti kékeré sì dé. Mi ò mọ ohun tó gbé mi dìde. Mo mú agboòrùn, mo wọ gbàkà, òjò ká wa mọ́nà, gbogbo títì di odò. Awakọ̀ ní òun ò lọ mọ́. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fẹsẹ̀ rìn dé Abobo. Bí mo ṣe ń sọ̀ lọ sí àfonífojì, omi ń sáré kọjá lára mi nínú gọ́tà tuntun, gọ́tà tó fẹ̀ tí ènìyàn lè dúró nínú rẹ̀, ó ń hó, ó ń gbé igi àti ike lọ. Kò sì kan títì. Bàtà mi ò rì.

Mo dé ìdí ọgbà irin tí wọ́n fi yí kòtò náà ká. Omi pupa ń ya wọ inú rẹ̀ láti apá méjèèjì. Mo ń wá ibi tí ilé wa wà, mi ò lè mọ̀ ọ́n. Mo fi ilé oní-àtíẹ̀kẹ́ ṣe àmì, mo fi ojú wọn ọ̀nà sọdá: ibi tí omi ti ń yí po yẹn, pálọ̀ nìyẹn. Òkè rẹ̀ díẹ̀, yàrá ìyá mi. Omi ń ga, ó ń ga, mo di irin mú, mo ń sọ pé, "Dúró níbẹ̀, dúró níbẹ̀," bí ẹni bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ó dúró. Ó kún dé ibì kan, kò sì ga mọ́. Ó ṣiṣẹ́, àní ó ṣiṣẹ́! Mo pariwo. Mo yíjú padà láti wá ẹni tí màá dì mọ́.

Kò sí ẹnì kankan níta. Gbogbo ilẹ̀kùn ló wà ní títì, láti òkè dé ìsàlẹ̀ àdúgbò. Mo gbọ́ tẹlifíṣọ̀n níbì kan, mo gbóòórùn ẹja díndín. Ìyá oní-àtíẹ̀kẹ́ rí mi lójú fèrèsé, ó juwọ́ sí mi, ó na àtàǹpàkò sókè pé ó dára, ó dára gan-an, ó sì padà sídìí epo rẹ̀ kó má baà jó. Mi ò bínú sí i. Ta ló ń jáde sínú òjò nígbà tí ilé rẹ̀ gbẹ?

Mo pe ìyá mi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, mo tún pè é, ó gbé e. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí èrò lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, "Màámi, òjò ńlá ń rọ̀. Kòtò náà gba gbogbo rẹ̀."

"Kò wọ ilé ẹnikẹ́ni?"

"Kò wọ ilé ẹnikẹ́ni."

"Ọlọ́run tóbi." Ó mí kanlẹ̀. "Ìyá oní-àtíẹ̀kẹ́ á ti máa jó."

"Ó wà nínú ilé, Màámi. Gbogbo wọn wà nínú ilé."

"Ta ló wá wà lọ́dọ̀ rẹ?"

"Èmi nìkan ni."

Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti tún já. Ó wá ní, "Mò ń gbọ́ òjò lórí agboòrùn. Níbo lo dúró sí?"

Mo wo omi náà. Mo ní, "Iwájú ilé wa ni mo wà."

"Háà! Nínú òjò yìí?" ó jágbe mọ́ mi, ohùn rẹ̀ àtijọ́ gan-an, ohùn àárọ̀ tí a bá ń jà. "Kí lo ń dúró ṣe níta? Wọlé, ọmọ yìí, wọlé kíá!"

Mo ní, "Ó dáa, Màámi. Mò ń wọlé."